Ẹ̀rí Ni Mo Wá Jẹ́

Yàrá kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé, ní àdúgbò Suru-Léré ní Akpakpa. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àga mẹ́ta, kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí mo ń kó ìwé sí, àti fáànù tí kì í yí nígbà tí iná bá lọ. Ìwé ìjọba ń kọ orúkọ àdúgbò náà bí Faransé ṣe ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé sùúrù lérè ni à ń wí. Ẹni tí kò bá gba orúkọ yẹn gbọ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Amòfin adámọ̀ràn ni mí. N kò sí lábẹ́ ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún mi. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni oníṣòwò, àwọn tó ń kọ́lé, awakọ̀ akẹ́rù, àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ń bá wọn kọ ìwé àdéhùn. Mo ń ka èyí tí ẹlòmíràn kọ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo ń bá wọn gba nọ́ńbà IFU tí àwọn agbowó-orí ń béèrè, mo sì ń bá wọn fi orúkọ òwò wọn sínú ìwé RCCM. Ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ ni iṣẹ́ mi parí sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Barreau ló ń wọ aṣọ dúdú tó sì ń gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò níwájú adájọ́. Èmi kò sí lára wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, n óò mú oníbàárà mi lọ bá agbẹjọ́rò, n óò sì padà sí ìdí tábìlì mi.

Ohun tí bàbá mi fẹ́ kọ́ nìyẹn. Ní Sakété tí mo dàgbà sí, òun a máa sọ̀rọ̀ Louis Ignacio-Pinto fún wa, ẹni tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1903, tó di agbẹjọ́rò, tó ṣojú ilẹ̀ wa ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tó sì jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní ìlú The Hague láti 1970 títí di 1979. Bàbá mi a ní bí ọmọ Àjàṣẹ́ bá lè dé The Hague, ó yẹ kí ọmọ Sakété lè dé Kútọnu ó kéré tán. Mo dé Kútọnu. Mo kàwé òfin ní Yunifásítì Abomey-Calavi, mo sì ṣe ìdánwò tí a fi ń wọ iṣẹ́ agbẹjọ́rò lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà méjèèjì ni n kò yege. Nígbà náà ni mo yá yàrá yìí, tí mo ra tábìlì, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn.

Ará ilé ẹni ni oníbàárà tó ṣòro jù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan kò lóye ìdí tí n óò fi gbowó lórí ìwé ojú kan. Ó ní, “Ṣebí ọ̀rọ̀ lásán ni o kọ síbẹ̀?” Ó gbé iṣu mẹ́ta wá fún mi ní ọjọ́ kejì, mo sì dúpẹ́. N kò bá a jà, nítorí mo mọ ohun tó ń rú u lójú. Ó rọrùn láti sanwó fún ẹni tó bá wa pa iná. Ó ṣòro láti sanwó fún ẹni tó kàn ní kí a gbé epo jìnnà sí ààrò. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé kóòtù rárá. Bí mo bá ṣe é dáadáa, kò sí ohun tí ojú yóò rí.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe é láìdáa ńkọ́? Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àti ní pàtàkì ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó ń bi mí léèrè bí iṣẹ́ ara-ẹni ṣe rí.

Ní ọdún 2018, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi. Òwò ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ń ṣe: a máa rà á ní agbègbè Allada, a sì máa kó o gba ẹnubodè Sèmè lọ sí Èkó. Ẹgbẹ́ ayánilówó kan ti gbà láti yá a ní 3,000,000 fúránkì CFA, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó mú ẹni tí yóò dúró fún un wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló mú wá, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló san owó iṣẹ́ mi, 30,000 fúránkì, kí n bá òun tún ìwé ìdúró náà kọ kí ó lè bá òfin mu. Ó ń pè mí ní Maître, oyè tí kò tọ́ sí mi, n kò sì bá a wí.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí òfin náà wí. Ní ọdún 1993, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan fọwọ́ sí àdéhùn OHADA ní Port-Louis, kí òfin òwò lè jẹ́ ọ̀kan náà láàárín wọn. Lónìí wọ́n jẹ́ 17, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Comoros, ilé-ẹ̀kọ́ tó sì ń kọ́ àwọn adájọ́ wọn wà ní Àjàṣẹ́ wa níbí. Òfin OHADA lórí ohun tí a fi ń dúró fún gbèsè, Kútọnu ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1997, wọ́n sì tún un ṣe ní Lomé ní oṣù kejìlá ọdún 2010. Abala 14 rẹ̀ ní kí ẹni tó ń dúró fún gbèsè ẹlòmíràn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye owó tí ìdúró rẹ̀ kò lè kọjá, ní ọ̀rọ̀ àti ní nọ́ńbà. Bí kò bá mọ̀wé kọ, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọn yóò jẹ́rìí pé òun gan-an ni, pé ó wà níbẹ̀, àti pé a ti ṣàlàyé irú ìwé tó ń tẹ̀ka sí fún un àti ohun tí ìwé náà lè fà.

Ìyá aláṣọ kò mọ̀wé kọ. Èmi ni ẹlẹ́rìí kìíní. Ọmọkùnrin tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé ní iwájú ni ẹlẹ́rìí kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wo aago, nítorí wọ́n ń dúró dè é ní ọ́fíìsì àwọn ayánilówó. Mo yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ ìyá náà, mo ní, “Ìyá, ẹ fẹ́ jẹ́rìí ọmọ yín ni, pé ẹ mọ̀ ọ́n, àti pé ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni ì bá tún jẹ́rìí ọmọ àbúrò òun bí kò ṣe òun. Ó tẹ̀ka. Mo fọwọ́ sí abẹ́ gbólóhùn tó sọ pé a ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè rẹ̀ pa. Ẹni tó bá ń gbé Akpakpa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, nítorí ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ àti Sèmè ni àdúgbò wa wà. Bí ẹnubodè bá sinmi, àwa náà yóò mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í dúró de ìjọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàdánù ẹrù ọkọ̀ méjì, kò sì rí owó san mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ìránṣẹ́ ilé-ẹjọ́, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí huissier, mú ìwé lọ bá ìyá aláṣọ nídìí ìsọ̀ rẹ̀, lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó gbé ìwé náà wá fún mi. Ó ti ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sí etí ìró rẹ̀. Kò kígbe. Ó béèrè ìwé tí òun tẹ̀ka sí, mo sì yọ ẹ̀dà rẹ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, “Kà á fún mi. Má sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi o. Kà á.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, mo ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Mo dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ní ìdúró náà jẹ́ solidaire, mo sọ fún un pé, “Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọmọ yín kò bá san, ẹ̀yin ni ẹ óò san. Kò di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ ta ohun ìní tirẹ̀ kí wọ́n tó kàn yín.”

Ó ní, “Ṣé ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí mo tẹ̀ka?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ̀rí ni mo wá jẹ́. N kò wá jẹ gbèsè.”

Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yẹn ti wà lọ́kàn mi. Ní ẹnu wa, ohùn kan ṣoṣo ló ya jíjẹ́ ẹ̀rí sọ́tọ̀ kúrò lára jíjẹ gbèsè. Mo lè tan ara mi pé ọ̀rọ̀ èdè ni, pé òfin Faransé kò ṣeé yí sí Yorùbá, pé ìtumọ̀ ló nira. Irọ́ ni yóò jẹ́. A ní ọ̀rọ̀ náà láti ayébáyé: onígbọ̀wọ́. Kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Dantokpa tí a óò sọ fún pé ó fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ 3,000,000 fúránkì, tí kò ní gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí ìwé kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. N kò lò ó nítorí pé ì bá dẹ́rù bà á, nítorí pé ẹni tó sanwó fún mi jókòó síbẹ̀ tó ń wo aago, àti nítorí pé ó dùn mọ́ mi tí wọ́n ń pè mí ní Maître.

Àwọn baba wa kò fi gbèsè ṣeré. Ẹni tó yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí gbèsè yóò fi tán. Bí ẹni tó jẹ gbèsè bá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, olówó a rán ológò lọ jókòó ti ilé rẹ̀, kí ojú lè tì í láàárín àdúgbò. Nǹkan líle ni, ìyà ńlá sì wà nínú rẹ̀. N kò ní kí a padà sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọ inú rẹ̀ láìmọ orúkọ ohun tó wọ̀. Èmi, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí yunifásítì, ni mo mú àgbàlagbà obìnrin wọ inú gbèsè láìsọ orúkọ rẹ̀ fún un.

N kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Ìṣòro tó wà níwájú mi ṣe kedere. Òfin fẹ́ kí ẹlẹ́rìí méjì jẹ́rìí pé a ti ṣàlàyé. Ẹlẹ́rìí kan nínú wọn mọ̀ pé a kò ṣàlàyé, òun náà sì ni èmi. Bí ìyá náà bá gba agbẹjọ́rò, ohun àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò yóò wá gbá mú ni ìbuwọ́lùwé mi. Bí mo bá dákẹ́, ìwé náà yóò dúró gbọn-in. Bí mo bá sọ òtítọ́, gbogbo Akpakpa yóò gbọ́ pé mo fọwọ́ sí irọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ kò ní ọ̀gá tí yóò fi í pamọ́ sẹ́yìn; orúkọ rẹ̀ nìkan ni ọjà tó ń tà.

Ní òwúrọ̀, mo lọ sí ilé rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀. Mo sọ fún un pé ó lè gba agbẹjọ́rò, pé n óò bá a wá èyí tó dára, àti pé bí adájọ́ bá bi mí, n óò sọ pé n kò ṣàlàyé ìwé náà fún un. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò jàre. Ó ní kí n dìde. Ó ronú fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó ránṣẹ́ sí mi. Ó ní owó náà, ọmọ òun ló jẹ ẹ́ ní tòótọ́, kì í ṣe pé àwọn ayánilówó purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà, òun kò sì fẹ́ kí ìdílé òun di ẹni tí a kì í yá ní nǹkan mọ́. Ó ní kí n bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun yóò wà níbẹ̀, n óò sì máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn fún òun bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a lọ. N kò gba kọ́bọ̀. Ìyá aláṣọ jókòó láàárín wa, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ gbólóhùn méjì ní Faransé, a gbé ọwọ́ sókè, a ní kí n dúró, kí n sọ ti àkọ́kọ́ ná. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fa owó ìtanràn nù, wọ́n sì fún wa ní ogún oṣù láti san ìyókù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ta alùpùpù rẹ̀, ó sì fi owó rẹ̀ san èyí tó ṣáájú. Ìyá náà jọ̀wọ́ ọ̀kan nínú ìsọ̀ méjì tó ní. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè Sèmè ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ọmọ náà padà sí ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà fún un díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe fún onígbọ̀wọ́ tó ti sanwó ní ẹ̀tọ́ láti gbà á. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tó lọ kò padà.

Mo kó 30,000 fúránkì tí mo gbà ní ọdún 2018 lọ fún un. Mo rò pé yóò ní kí n máa mú un lọ. Ó gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di í mọ́ etí ìró rẹ̀.

Mo ti yí ọ̀nà iṣẹ́ mi padà láti ìgbà náà. Ìwé àjákọ kan wà lórí tábìlì mi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ òfin sí ní Faransé ní apá kan, àti ní Yorùbá ní apá kejì, bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe bí ìwé atúmọ̀-èdè ṣe fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí ìwé náà yóò dé bá lórí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ní àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹni tó mú owó wá. Bí wọ́n bá jẹ́ ènìyàn méjì, n óò ní kí ẹni tó mú owó wá lọ jókòó síta. Bí mo bá ti kà á tán, n kì í béèrè pé, “Ṣé ó yé yín?” Gbogbo ènìyàn ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìyẹn, nítorí ìtìjú. Ohun tí mo ń sọ ni pé, “Ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ gbọ́.” Ẹni tó bá lè sọ ọ́ fún mi ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló lè tẹ̀ka. Èyí ń gba àkókò. Àwọn oníbàárà kan ti bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó yára jù mí lọ, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára nígbà tí owó ilé bá tó san.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ óò gbọ́ pé OHADA ní èdè iṣẹ́ mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní Québec ní ọdún 2008: Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Spanish àti Potogí. Kò sí èdè kan tí a ń ná ọjà ní Dantokpa nínú wọn, yàtọ̀ sí Faransé díẹ̀díẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 fi Faransé ṣe èdè ìjọba, ṣùgbọ́n abala 11 rẹ̀ fún olúkúlùkù àwùjọ ní òmìnira láti lo èdè tirẹ̀, ní sísọ àti ní kíkọ. Àárín àwọn òfin méjèèjì yìí ni amòfin adámọ̀ràn ń gbé. Bí kò bá gbé ọ̀rọ̀ kọjá láti apá kan sí apá kejì, bí a ṣe ń gbé ẹrù kọjá afárá láti Dantokpa sí Akpakpa, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a gbé e. Ẹrù tó bá sì bọ́ sínú omi lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí huissier yóò dé.

Ìyá aláṣọ kò wá sọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́ta. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, mo ń kí i, ó ń dáhùn, ó sì ń kọjá lọ. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2023, obìnrin kan tí n kò rí rí wọlé pẹ̀lú ìwé ní ọwọ́. Aṣọ ló ń tà, ní Dantokpa. Wọ́n fẹ́ kí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ dúró fún owó tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ yá. Mo ní kí ó jókòó, mo sì na ọwọ́ gba ìwé náà, ṣùgbọ́n kò tíì jù ú sílẹ̀.

Ó ní, “Ẹnì kan ló rán mi sí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ kà á fún mi bí ẹ ṣe kà á fún òun nígbà kejì.”